Oko Bàbá Àgbà Lókè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Egbèje ebè ó lé mẹ́rìndínlógún. Iye ebè tí katakata tẹ́ pẹrẹsẹ nínú oko bàbá àgbà mi ní ẹ̀yìn Àgọ́-Àrẹ nìyẹn, ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwọn àgbà ẹbí wa kò fẹ́ kí iye náà jáde síta. Nínú ìwé tí wọ́n fi ta ilẹ̀ náà fún iléeṣẹ́ kan, ohun tí wọ́n kọ ni pé ilẹ̀ òfìfo ni, pé wọ́n ti kórè ohun tó wà lórí rẹ̀ tán. Nígbà tí a ń ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ bàbá àgbà, ẹnìkan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n má ṣe dá ọ̀rọ̀ ebè sílẹ̀ lójú àwọn àlejò, pé òkú ti lọ, kí a jẹ́ kí alààyè ó sinmi. Mo dákẹ́ lọ́jọ́ náà nítorí àwọn àlejò. N kò ṣèlérí pé n ó dákẹ́ títí.

Bàbá àgbà fúnra rẹ̀ ni ó ka iye náà. Bí ó bá kọ igba ebè, yóò gbé òkúta kan kalẹ̀ sí ibi tí ó parí sí, yóò nàró, yóò mí, yóò sì bẹ̀rẹ̀ igba mìíràn. Òkúta méje ni mo fi ojú ara mi rí lọ́jọ́ tí mo bá a dé ibẹ̀ kẹ́yìn, àti ebè mẹ́rìndínlógún tí ó ní òun yóò sọ di igba lọ́dún tí ń bọ̀.

Ẹni tí kò bá roko rí lè gba irọ́ inú ìwé náà gbọ́, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni a máa ń wa iṣu ní ilẹ̀ wa. Nígbà tí òjò bá ṣì ń rọ̀, a ó tú ebè, a ó gé èyí tí ó tóbi fún jíjẹ, a ó fi orí rẹ̀ sílẹ̀ mọ́ ìtàkùn, a ó sì dá erùpẹ̀ padà bò ó kí ó lè so lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tí ó so lẹ́ẹ̀kejì yẹn ni ẹ̀bù, irúgbìn ọdún tí ń bọ̀. Lójú àjèjì, ebè tí a ti gé lẹ́ẹ̀kan ti tán. Lójú àgbẹ̀, ìgbà náà gan-an ni ó lóyún. Àwọn márùn-ún tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé náà kì í sì í ṣe àjèjì. Inú oko ni wọ́n ti bí wọn, iṣu ni wọ́n fi tọ́ wọn. Wọ́n mọ ohun tó wà nínú ebè kí wọ́n tó kọ ọ́ pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

N kò ní í kọ ìtàn ìgbésí ayé ọkùnrin náà láti ọjọ́ tí wọ́n bí i dé ọjọ́ tí ó kú. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí òun, kò sì kà á sí. Bàbá Ràfíù ni gbogbo Àgọ́-Àrẹ ń pè é. Ràfíù ni bàbá tó bí mi. Bàbá àgbà kò ga, kò sì sanra. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni ó tóbi ju ara rẹ̀ lọ, bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó yá tí kò dá a padà. Nígbà tí ilẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Ṣakí, nínú ilé tí mo háyà ní àjà kejì pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Ilé náà ní bákónì kan, ìṣísẹ̀ mẹ́fà ní gígùn, ìṣísẹ̀ méjì ní ìbú. Níbẹ̀ ni ó ti dáko fún ọdún mẹ́rin.

Ohun tí ó ń gbìn níbẹ̀ kì í ṣe iṣu tí a lè rí rà. A kì í pè é lórúkọ mìíràn ju Iṣu Ilé lọ. Èèpo rẹ̀ dúdú, ara rẹ̀ funfun, bí a bá gún un kì í ní kókó, bí ó bá sùn mọ́jú a lè jẹ ẹ́ láàárọ̀ bí ẹni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ gún un ni. Bàbá bàbá rẹ̀ ni ó ti ń gbìn ín. Nítorí pé kì í tètè dàgbà, àwọn àgbẹ̀ yòókù ti fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ku oko kan ṣoṣo, èyí tí katakata wọ. Bí ó bá tán lọ́wọ́ wa, ó tán nílé ayé nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí katakata dé, èmi ni mo ń pariwo. Mo dúró síwájú awakọ̀, mo ń fi fóònù yà á, mo ń ka òfin sí i létí pẹ̀lú ohùn tí èmi olùkọ́ fi ń bá kíláàsì sọ̀rọ̀. Katakata náà ń ké jù mí lọ. Nígbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, bàbá àgbà ti kúnlẹ̀ ní ìpẹ̀kun oko, ó ń fi ọwọ́ àti ọkọ́ tú ebè, ó ń kó ẹ̀bù sínú àpò ìrẹsì kan. Ó bá iṣu ńláńlá pàdé nínú àwọn ebè tí kò tíì gé fún jíjẹ. Ó kọjá wọn. Mo sáré bá a, mo ní ṣé kò rí àwọn tó tóbi ni. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Èyí tí a ó jẹ, a ó rí òmíràn rà lọ́jà, Àbẹ̀kẹ́. Èyí tí a ó gbìn, ta ni ń tà á?"

Láti iyàrá rẹ̀ dé bákónì mi kò ju ìṣísẹ̀ mọ́kànlá lọ, ṣùgbọ́n ìrìn àjò ni lójú rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, yóò wọ aṣọ oko, yóò dé fìlà tí oòrùn ti pa láwọ̀ dà, yóò gbé ọkọ́ lé èjìká, yóò sì dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ títí n ó fi kí i pé ọ̀nà á rọ̀ o. Bí n kò bá kí i, kò ní í lọ. Bí ó bá sì ti kọjá ilẹ̀kùn náà, ó ti lọ sóko nìyẹn. Mo lè pè é wá jẹ ẹ̀kọ, mo lè pè é pé ọmọ rẹ̀ wà lórí fóònù. Kò ní í dáhùn, bẹ́ẹ̀ fèrèsé ṣí sílẹ̀ láàárín wa tí mo sì ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan inú bí mi, mo sọ fún un láti ojú fèrèsé pé mo mọ̀ pé ó ń gbọ́ mi. Nígbà tí oòrùn mú, ó wọlé, ó dúró kí n sọ pé ẹ kú oko, ó jókòó, ó mu omi, ó wá wò mí. "Àbẹ̀kẹ́, ẹni tó wà lóko kì í gbọ́ ohùn ará ilé. Bí ó bá gbọ́ ọ, kò tíì dé oko."

Ọdún àkọ́kọ́ ni ó ṣe àṣìṣe kan tí ó jẹ́ pé àgbẹ̀ ìlú wa nìkan ni ó lè ṣe é. Mo ti ra ike ńláńlá kalẹ̀ fún un. Ó yí wọn po, ó ní abọ́ ni wọ́n, pé iṣu kì í dé inú abọ́ àfi bí a bá ti gún un. Ó da erùpẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì lásán, ó sì kọ ebè síbẹ̀, mẹ́jọ, ebè gidi tó ga dé orúnkún, ó fi koríko gbígbẹ dé wọn lórí. N kò lè parọ́, wọ́n lẹ́wà. Mo pe ọ̀rẹ́ mi kan láti wá wò wọ́n. Òjò àkọ́rọ̀ sì dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó wọ́ ebè mẹ́ta gba ihò omi bákónì kọjá, ó dà wọ́n sórí okùn aṣọ Àlàájà tó ni ilé, tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ wa, tó sì ti fọ aṣọ funfun tí yóò wọ̀ lọ sí Jímọ́ọ̀.

Àlàájà gòkè wá pẹ̀lú aṣọ náà léjìká. Ó jẹ́ obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè, èyí tí ó burú ju igbe lọ.

"Bàbá Ràfíù, ṣé orí mi ni ẹ wá dáko sí ni?"

"Ẹ má bínú, Àlàájà. Omi oko ni. Ibi tó bá ti rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní í wọ́ lọ."

"Ilé mi ni ẹ ń pè ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́lé sí ìsàlẹ̀ oko mi."

Àlàájà wò mí bí ẹni tó ń wá ẹlẹ́rìí, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó rí i dá dúró. Lẹ́yìn náà ó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, mo sì gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé òun ni ó jàre: erùpẹ̀ tútù wúwo, dẹ́kì tó gbé bákónì ró kì í ṣe ilẹ̀, bí ebè mẹ́jọ bá jókòó sí àárín rẹ̀ fún ọdún kan, gbogbo wa ni yóò jọ bá ara wa ní pálọ̀ òun. Ó ní kí bàbá lo àpò, kí ó sì tò wọ́n mọ́ ẹsẹ̀ ògiri níbi tí òpó wà. Bàbá àgbà kò jiyàn. Ó gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bu omi, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, ó sì sá a. Mo ní kí ó jẹ́ kí n bá a fọ̀ ọ́, ó kọ̀. "Bí oko bá ba aṣọ aládùúgbò jẹ́, àgbẹ̀ ni ó jẹ̀bi. Òjò kọ́."

Báyìí ni a ṣe di alápò. Àpò ìrẹsì, kẹ́ẹ̀gì tí a gé lórí, garawa tó ti lu. Ó kọ erùpẹ̀ ìgboro: ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù, ó ní sìmẹ́ńtì àti ọ̀rá ni. A gun ọ̀kadà méjì lọ sí ibi oko àtijọ́. Wọ́n ti fi wáyà yí i ká. Yàtọ̀ sí koríko, kò sí ohun tó wà nínú rẹ̀, kò sì tíì sí ohun mìíràn níbẹ̀ títí di òní tí mo ń kọ èyí. Mẹ́gáàdì tó wà níbẹ̀ ní wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni gbé nǹkan jáde. Bàbá àgbà bi í pé kí ni wọ́n ní kí ó máa ṣọ́. Ó ní ilẹ̀ tó wà nínú wáyà ni. Bàbá wá na ọwọ́ sí òkìtì erùpẹ̀ dúdú tí katakata ti tì sẹ́yìn wáyà, tí ewéko ti ń hù lórí rẹ̀. Mẹ́gáàdì wò ó títí, ó gbé ìbọn ọdẹ rẹ̀ ti igi, ó sì bá wa di ẹnu àpò. Bàbá fi erùpẹ̀ ilé rẹ̀ sẹ́yìn ọ̀kadà bí ẹni tó lọ mú ìyàwó bọ̀. Ó ní, "Ohun tí wọ́n bá tì dànù, wọn kò lè ní kí á má ṣà á."

Bí omi ṣe ṣọ̀wọ́n ní Ṣakí lẹ́ẹ̀rùn, gbogbo ẹni tó ti pọn ọ́n rí ló mọ̀ ọ́n. Bàbá àgbà kò da omi àlùwàlá nù láé. Yóò jókòó sórí àpótí ní bákónì, yóò na ẹsẹ̀ sórí àpò kan, yóò sì ṣe àlùwàlá lé e lórí. Bí ó bá di ìrun tí ń bọ̀, ó kan àpò mìíràn. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, ó ní ètò tí kò gbọ́dọ̀ dàrú. Nígbà yẹn ìtàkùn iṣu ti rí i pé kò sí igi tó ga tó lókè wa, wọ́n sì ti kọjá irin bákónì sísàlẹ̀, wọ́n lọ di mọ́ irin fèrèsé Àlàájà. Mo rò pé ìjà tuntun dé. Kàkà bẹ́ẹ̀, Àlàájà fi okùn rírọ̀ so wọ́n mọ́ irin náà, ó ní ọwọ́ iṣu bàbá ń kí òun láàárọ̀ ju àwọn tí òun bí lọ. Ọ̀rọ̀ omi àlùwàlá yẹn nìkan ni ó ń kọ ọ́ lóminú. Ó gòkè wá bi í bóyá ó tọ́ kí omi ìjọsìn máa lọ sí ìdí iṣu. Bàbá àgbà nu ẹsẹ̀ rẹ̀. "Àlàájà, omi tó wẹ ẹsẹ̀ mi, ibo ni ẹ rò pé yóò lọ bí kò bá gba oko?"

Ó ní àléébù. Ẹni tó bá kọ nípa òkú bí ẹni pé òkú náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni rí, irọ́ ni ó ń pa. Ọdún méjì gbáko ni kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọkọ́. Obìnrin kì í kọ ebè nílé wa, ó ní. Ọwọ́ obìnrin wà fún ẹ̀gúsí àti ìkórè. Mo bá a jà. Mo bi í pé ọwọ́ ọkùnrin wo ni ó wà nínú ilé yìí láti bá a gbé àpò. Mo bi í pé àwọn ọkùnrin ilé wa tí wọ́n mọ ebè í kọ, ṣé kì í ṣe àwọn ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé. Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún odidi ọjọ́ méjì, èmi náà sì gbé e fún un bẹ́ẹ̀. Ní ọdún kẹta, èjìká rẹ̀ ọ̀tún kọ̀ láti gòkè. Ó na ọkọ́ sí mi, ó jókòó sórí àpótí. Mo kọ erùpẹ̀ inú àpò kan sókè bí mo ti rí i tí ó ń ṣe é. Ó wo iṣẹ́ náà láti apá ọ̀tún, ó wò ó láti apá òsì, ó wá ní, "Ó wọ́. Ṣùgbọ́n iṣu kò lójú." Láti ọjọ́ náà, èmi ni mo ń kọ gbogbo wọn. Kò tọrọ àforíjì, n kò sì béèrè fún un.

Ó mọ ìbínú mi, ó sì ní èrò tirẹ̀ nípa rẹ̀. Mo kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ náà, mo kọ sí ìjọba ìbílẹ̀, mo kọ sí ìwé ìròyìn. Mo máa ń ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí i létí kí n tó fi í ránṣẹ́. Yóò gbé etí sílẹ̀, yóò mi orí ní ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti le. Èsì kan kò dé rí. Ní ìgbà kan tí mo ti fi ọjọ́ mẹ́ta sọ ọ̀rọ̀ náà láìsinmi, ó ní kí n gbé ọkọ́, kí n wá bá òun ro ìdí àwọn àpò. "Ìbínú rẹ dára, Àbẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ajílẹ̀ ni. Bí o bá kó o jọ sójú kan, rírùn ni yóò máa rùn."

Ọ̀kan nínú àwọn tó fọwọ́ sí ìwé náà ni bàbá tó bí mi. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé n kò lè ka ẹ̀ṣẹ̀ àwọn yòókù kí n fo tiwa. Nígbà tí mo mọ̀, n kò gbé fóònù rẹ̀ mọ́ fún oṣù mẹ́ta. Bàbá àgbà ni ó máa ń gbé e. Yóò bi ọmọ rẹ̀ nípa orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, yóò bi í bóyá òjò ti rọ̀ lọ́dọ̀ wọn, yóò ṣàdúà fún un. Èmi yóò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, n ó máa gbọ́ wọn. Lọ́jọ́ kan mo sọ ọ́ jáde pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò yẹ fún àdúà. Ó gbé fóònù náà kalẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí i tí ojú rẹ̀ le sí mi nìyẹn. Ó ní, "Èmi ni ọmọ mi ṣẹ̀. Má gba ẹjọ́ náà lọ́wọ́ mi."

Ohun tí ó ṣe pẹ̀lú Mọ́gàjí ni mo rò pé a ó fi rántí rẹ̀. Mọ́gàjí, olórí agbo ilé wa, jẹ́ àbúrò rẹ̀. Bàbá àgbà ni oyè náà kọ́kọ́ kàn, ó kọ̀ ọ́ nítorí pé ìpàdé pọ̀ nínú rẹ̀. Mọ́gàjí ni ó sì ṣáájú àwọn tó ta ilẹ̀. Ní ìkórè àkọ́kọ́ tí a ṣe ní bákónì, bàbá àgbà yẹ gbogbo ẹ̀bù wò, ó mú èyí tó dára jù lọ, ó fi aṣọ mímọ́ wé e, ó ní kí n gbé e lọ fún Mọ́gàjí. Iṣẹ́ tí ó rán mi kò ju gbólóhùn kan lọ: kí ó wá ibi tí yóò gbìn ín sí. Mo bá a jiyàn títí ẹnu fi rẹ̀ mí. Mo lọ.

Wọ́n sè é. Nígbà tí mo padà lọ wò ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìyàwó Mọ́gàjí ń yìn ín fún mi pé ó dùn. Mo fi ìbínú wọlé dé, mo ròyìn fún bàbá àgbà, mo rò pé yóò banújẹ́. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ẹ̀bù ni mo rán, oúnjẹ ni wọ́n rí. Ṣé wọn kò ṣe ọ́ láàánú pé ebi ń pa wọ́n tó bẹ́ẹ̀?"

Ní ọdún kejì ó tún rán mi, iṣẹ́ kan náà. Mọ́gàjí dá a padà láìtú aṣọ ara rẹ̀. Bàbá àgbà gbìn ín sí àpò tó wà láàárín. Lẹ́yìn ìkórè kẹta, òjò tuntun ti bẹ̀rẹ̀, n kò tíì múra láti lọ nígbà tí Mọ́gàjí fúnra rẹ̀ gun àtẹ̀gùn wá, tó ń mí gulegule, tó di irin mú. Ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó jókòó sórí àpótí ní bákónì, kò sì sọ ohun tó bá wá. Bàbá àgbà náà kò bi í. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa òjò, nípa ẹni tó ṣaláìsí, nípa ọ̀nà Ìgbẹ́tì tó ti bàjẹ́. Bí ọ̀rọ̀ ti ń lọ, Mọ́gàjí na ọwọ́ sí àpò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fa èpò kan tu, ó gbọn erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ padà sínú àpò, ó tún fa òmíràn. Ó ti tu bíi mẹ́fà kí ó tó mọ̀ pé a ń wo òun. Bàbá àgbà ní, "Ọwọ́ yín kò gbàgbé, Mọ́gàjí. Ẹ̀yin nìkan lẹ gbàgbé."

Mọ́gàjí kò lè gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ etí odò ṣì wà. A kò tà á. Yóò gba igba ebè. Ẹ jẹ́ kí òjò yìí parí, n ó pè yín kí a lọ wọ̀n ọ́n." Nígbà tí ó lọ tán, bàbá àgbà jókòó pẹ́, ó ń fi ọwọ́ pa erùpẹ̀ tó wà ní etí àpò náà. Kò sọ nǹkan kan. Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí n kò ní gbólóhùn tí n ó kọ sí ìparí ìtàn rẹ̀.

Òjò parí. Ìpè kò dé. Ọyẹ́ dé, a sì kórè àwọn àpò lẹ́ẹ̀kẹrin. Ní ọdún àkọ́kọ́ ẹ̀bù wa gùn tó ọ̀pá apá. Ní ọdún yìí, èyí tó tóbi jù nínú wọn kò kún ọwọ́ ọmọdé. Mọ́kànlélógún péré ni. Bàbá àgbà tò wọ́n sórí pákó ní ìgun iyàrá, ó yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ọ̀kan má baà kó ìdíbàjẹ́ ran èkejì, ó sì sọ òótọ́ fún mi láìfi bò. "Àpò lè pa irú mọ́, kò lè tọ́ ọ. Bí ó bá tún ṣe ọdún kan sí i nínú àpò, yóò tán."

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn èyí, ó bọ̀ láti oko rẹ̀ lọ́sàn-án, ó dúró, mo ní ẹ kú oko, ó jókòó, ó mu omi, ó fi ẹ̀yìn ti àga. Nígbà tí mo fẹ́ jí i fún ìrun alásárì, ó ti lọ.

A gbé e lọ sí Àgọ́-Àrẹ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn àgbà ẹbí wa rí ilẹ̀ fún òkú rẹ̀ kí a tó dé. Kò gbà wọ́n ní wákàtí méjì. Ọdún mẹ́rin ni wọn kò fi rí ilẹ̀ fún iṣu rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń kà mí dúró díẹ̀ síbẹ̀.

Síbẹ̀, ọpẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú mi. Mo dúpẹ́ pé ọdún mẹ́rin tí àwọn ẹlòmíràn fi ń gbé bàbá àgbà wọn sínú fọ́tò, èmi ń bá tèmi gbé erùpẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Àlàájà, tí mo rò pé yóò ní kí n kó àwọn àpò kúrò lórí dẹ́kì òun, ṣùgbọ́n tó ń gòkè wá fún odidi ọjọ́ mẹ́jọ tí mo fi wà ní Àgọ́-Àrẹ, tó ń wo ẹ̀bù wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá eku ti débẹ̀, tó sì ra ológbò kan nítorí wọn. Mo dúpẹ́ pé ọkùnrin kan tí kò mọ̀wé kọ́ mi, èmi tí mo ń kọ́ni níwèé, ní ohun tí ìbínú wà fún.

Nítorí náà mo ń fi ìbínú mi sí ibi tí ó ti lè wúlò. Mo ti gbọ́ pé ẹnìkan ń bẹ ilẹ̀ etí odò wò, pé wọ́n ti rí i níbẹ̀ pẹ̀lú okùn ìwọ̀nlẹ̀, pé ìpàdé kan sì ń bọ̀ tí wọn kò ní í pè mí sí. Mo ti gbọ́ ohun tí wọn yóò sọ pẹ̀lú: pé Bàbá Ràfíù ti kú, pé ta ni yóò kọ ebè, pé obìnrin ni mo jẹ́.

Mọ́gàjí, àti ẹ̀yin mẹ́rin yòókù tí ẹ fọwọ́ sí ìwé náà, bàbá tó bí mi wà lára yín: ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ẹ jáde wá sí etí odò. Ẹ wọn ilẹ̀ igba ebè tí ẹ ṣèlérí lójú mi. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yìí, ìbáà ṣe èmi, kò gbọ́dọ̀ tà á, kí ẹ sì fọwọ́ sí i ní kíkún bí ẹ ti fọwọ́ sí ti ìṣáájú. N kò ní kí ẹ ro ilẹ̀ náà fún mi. Èmi ni n ó kọ ebè rẹ̀, bí ó bá wọ́, kí ó wọ́. Mẹ́ta nínú ẹ̀bù mọ́kànlélógún tó wà lórí pákó nílé mi ti yọ ọwọ́, wọ́n sì ń wá ibi tí wọn yóò di mú. N kò wá bẹ̀bẹ̀. Ẹ fún wọn nílẹ̀.